Ọjọ́ Tí Mo Gé Iná Ayé Bí Aṣọ

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí oòrùn àárọ̀. Kíláàsì kejì ilé-ìwé girama ni mo ti yà kúrò lọ́nà. Àwọn ẹlòmíì á ní ipò ilé ló dá àwọn dúró. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ló lé mi, mo sì sáré dáadáa. Síbẹ̀, bí èèyàn bá ń kọjá lójú títì, mo lè sọ bí àyà ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó láì fọwọ́ kan tépù. Ojú mi mọ ìwọ̀n. Orí mi ni ò mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó mi ni ọ̀mọ̀wé ilé wa. Tíṣà ni mò ń pè é. Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó wá mọ́ mi lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ayépé, ṣùgbọ́n ó tún ń kàwé sí i ní yunifásítì tó wà ní Ìjagun, ní gbogbo Sátidé àti ìgbà tí àwọn tíṣà yòókù bá ń sinmi. Ó ku ìdánwò kan péré: kó dúró níwájú kíláàsì ẹ̀, kó kọ́ wọn, kí olùkọ́ àgbà kan láti Ìjagun jókòó sẹ́yìn, kó máa wò ó.

Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó sì fìdí rẹmi. Iná mànàmáná lágbàáyé ni wọ́n ní kó kọ́ wọn: báwo ni èyí tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń ṣe àti èyí tí wọ́n ń lò ṣe pọ̀ tó. Ó kọ nọ́ńbà sórí káádíbọ́ọ̀dù ńlá, ó fa ìlà, ó gbé e kọ́. Ọkùnrin tó wá láti Ìjagun bi ọmọ kan tó jókòó sẹ́yìn pé kí ló rí. Ọmọ yẹn ní òun rí èèrà.

Wọ́n ní kó lọ tún un ṣe. Ó sọ fún mi pé bí òun bá tún fìdí rẹmi, òun á pa ìwé náà tì. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ká aṣọ sínú àpótí. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Eruku funfun ti bo òpópónà, oòrùn wà lókè bíi pé wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Kò síná. Kò kàn mí, ẹlẹ́sẹ̀ ni máṣínì mi, èédú ni mo sì fi ń lọ aṣọ. Ó tẹ́ bébà kan sórí tábìlì mi, orúkọ orílẹ̀-èdè lápá kan, nọ́ńbà lápá kejì.

"Tíṣà, kí ni gbogbo èyí?"

"Iná tí wọ́n ń ṣe lọ́dún ni, Dádì."

"Ṣé yáàdì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ní yáàdì ni. Ká ní iná orílẹ̀-èdè kan jẹ́ aṣọ, kí wọ́n wá gé e fún gbogbo ará ìlú lọ́gbọọgba, àti ọmọ tuntun àti arúgbó. Báwo ni èyí tó máa kan ẹnì kan ṣe máa tóbi tó?"

"Ìbéèrè télọ̀ nìyẹn."

"Òun náà ni mo gbé wá."

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Òun ló fi fóònù ṣe ìṣirò, ó gé bébà ìròyìn sí ìwọ̀n, orílẹ̀-èdè kan sí bébà kan. Tèmi ni kí n fi bébà lé aṣọ, kí n gé e, kí n so gbogbo ẹ̀ pọ̀ di aṣọ ńlá kan tó ṣe é fi kọ́ ara ògiri. Ó ní, "Ẹ gé e bó ṣe rí gan-an. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò." Mo ní mo gbọ́.

A fi àwọ̀ sọ ibi tí iná ti ń wá. Aṣọ búlúù ni ti omi, dúdú ni ti èédú, pupa ni ti gáàsì, yẹ́lò ni ti oòrùn. Àgékù aṣọ oníbàárà ni mo lò, nítorí náà àwọn orílẹ̀-èdè ayé kan wà tó jẹ́ pé léèsì ni wọ́n, òmíì sì jẹ́ kanpálà. Orílẹ̀-èdè kan wà lọ́nà ibi tí yìnyín wà, Áísílándì ni wọ́n ń pè é. Èèyàn ibẹ̀ ò tó nǹkan. Omi tó ń já láti orí òkè àti omi gbígbóná inú ilẹ̀ ló ń fún wọn níná. Ìpín ẹnì kan níbẹ̀ fẹ̀ tó ìborùn ìyàwó pásítọ̀. Ti Amẹ́ríkà tó ojú ìrọ̀rí. Mo rò pé Ṣáínà ló máa borí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n Tíṣà ní lápapọ̀ ló ti borí, tí wọ́n bá pín in kárí èrò tó wà níbẹ̀, kò tó ti Amẹ́ríkà mọ́. Gúúsù Áfíríkà dúdú fún èédú, ó sì fẹ̀ díẹ̀. Gánà tó àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ò sanra.

Tiwa ló gbẹ̀yìn. Ìka méjì níbùú, ìka méjì lóròó. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, mo mí, ó sì fẹ́ fò lọ.

"Ṣé wọ́n ka gẹ́n tó wà lẹ́yìn ilé mọ́ ọn?"

"Rárá o. Èyí tó gba orí wáyà wá nìkan ni. Ti gẹ́n, ta ló mọ̀ ọ́n? Àfojúdá ni."

Ó padà sílé, mo wá jókòó sídìí máṣínì. Bí èèyàn bá ń wa ẹsẹ̀ máṣínì lọ́sàn-án ọyẹ́, tí kò sí rédíò, tí kò sí fáànù, oorun àti iṣẹ́ á kàn máa gbé ara wọn dání bí ọ̀rẹ́ méjì tó ń bọ̀ láti oko. Mò ń rán aṣọ, mo tún ń lálàá. Mo rí àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n wá wọn aṣọ. Amẹ́ríkà ń wọ́ aṣọ nílẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀. Ará Áísílándì gùn, ó fi tiẹ̀ bo orí, ó dákẹ́ bí ìyàwó tuntun. Ẹnì kan dúró lẹ́yìn pátápátá, ó di ọwọ́ ẹ̀ pọ̀, kò jẹ́ kí n rí ohun tó mú wá. Mo ní, "Ẹ súnmọ́bí, ẹ̀gbọ́n." Ó ní, "Ẹ dá àwọn tó kù lóhùn ná, tiwa ò le." Ohùn ẹ̀ jọ ohùn èèyàn ilé wa. Nígbà tí mo la ojú, mo ti rán gbogbo ẹ̀ tán. Ọwọ́ mi mọṣẹ́ jù mí lọ.

Mo gbé aṣọ náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ó wù mí. Àlhájà kan tó jẹ́ oníbàárà mi wá gba aṣọ ẹ̀, ó dúró, ó wò ó títí.

"Télọ̀, kí lèyí?"

"Iná gbogbo ayé ni, Àlhájà. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan."

"Máṣà Álláhù. Níbo làwa wà?"

Mo na ìka. Ìka mi rìn lára aṣọ yẹn, ó dé Gánà, ó padà, ó tún lọ. Kò rí ibi bà sí.

"Ìwọ tó o rán an lò ń wá a yìí?"

"Ó wà níbẹ̀, Àlhájà. Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Mo yí aṣọ náà padà. Nàìjíríà wà lẹ́yìn, nínú ibi tí mo ká etí sí, ó fara pamọ́ bí owó ìyá arúgbó. Nígbà náà ló yé mi. Àwọn oníbàárà wa níhìn-ín kì í gba aṣọ tí etí ẹ̀ ò fẹ̀ nínú. Wọ́n á ní, "Fi àyè sí i o, bí mo bá sanra ńkọ́?" Ká má purọ́, wọ́n ń sanra. Ọwọ́ mi ti mọ́ kíká ìka kan sínú lápá gbogbo, bóyá wọ́n sọ ọ́ o, bóyá wọn ò sọ ọ́. Tíṣà ní kí n gé e bó ṣe rí gan-an, mo gé e bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wá ń rán an, mo ká ìka kan lọ́tùn-ún, ìka kan lósì. Áísílándì ò mọ̀ pé ohunkóhun bọ́ lára òun. Ẹni tó ní ìka méjì péré, tí wọ́n ká méjì nínú ẹ̀, kí ló kù fún un?

Àlhájà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. "Télọ̀, o paná fún gbogbo wa! Ó dáa, gé òmíì. Gé èyí tó tóbi. Àbí ta ló máa wá wọ̀n ọ́n?" Ó tọ́ka sí àgékù dàmáàsìkì pupa tó ṣẹ́kù nínú aṣọ ẹ̀. "Mo fún ọ."

Ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gé e. Mo gé Nàìjíríà kan tó tó abọ́ ọbẹ̀, mo rán an sáàárín gbùngbùn. Ó ń dán. Ṣáínà dàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Tíṣà dé. Kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó fi rí i.

"Dádì, ta ló fún wa níná yìí?"

"Èmi ni."

"Láti ibo?"

"Láti ara aṣọ Àlhájà."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, gbogbo ẹ̀. Ó fọwọ́ kan dàmáàsìkì yẹn. Ó ní, "Bí wọ́n bá bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣírò ẹ̀, kí ni mo fẹ́ wí? Ẹ tú u."

"Dàmáàsìkì yẹn?"

"Gbogbo ẹ̀ o. Ẹ ti jẹ ìka lára gbogbo wọn."

A jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, a fi abẹ tú ayé palẹ̀ títí ojú ọ̀run fi di aláwọ̀ eérú. Mo tún wọn gé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tẹ́ ṣíìtì funfun, mo fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ lẹ wọn mọ́ ọn láì ká etí ẹnì kankan. Nàìjíríà padà di ìka méjì. Mo ní, "Tíṣà, àwọn tó jókòó sẹ́yìn ò ní rí i o. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ lé ọ padà níjọ́sí nìyí." Ó ká ṣíìtì náà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi ni mo gbé aṣọ náà lọ sí Ayépé, mo bá a gbé e kọ́, mo wá lọ dúró síta lójú fèrèsé. Ọkùnrin ará Ìjagun yẹn jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fáìlì ẹ̀. Tíṣà kọ́ wọn dáadáa. Àfi ìgbà tí ọkùnrin náà yíjú sí ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Mo rí aṣọ púpọ̀, sà. N ò rí Nàìjíríà."

Ọkùnrin náà gbé bírò. Mo dijú. Mo gbọ́ ohùn Tíṣà, jẹ́jẹ́: "Òótọ́ ló sọ. Láti ibi tó jókòó sí, kò ṣe é rí. Gbogbo yín, ẹ dìde, ẹ wá wá a."

Mo la ojú. Wọ́n tò. Eruku ń jó nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, àwọn ọmọ sì ń bọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Tíṣà ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ara ti Áísílándì, ó bo àyà wọn. Wọ́n na apá sí Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé Gánà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ìka wá tiwa kiri. Bí ẹnì kan bá rí i, ìka ẹ̀ á bò ó, ẹni tó tẹ̀ lé e á dúró dìgbà tó bá gbé e kúrò. Ẹnì kan ní, "Ṣe kíá, jẹ́ kí n rí iná!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà?" Tíṣà bi olùkọ́ àgbà yẹn.

Ọkùnrin yẹn dìde. Ó wá awò ojú ẹ̀ nínú àpò méjèèjì, ó tò sẹ́yìn àwọn ọmọ. Nígbà tó kàn án, ó fi ìka kan lé e, ó gbé ìka náà, ó wò ó, ó tún fi lé e.

"Èyí tó kan ẹnì kan nìyí? Fún odidi ọdún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èyí tó gba orí wáyà wá."

Kò padà lọ jókòó mọ́. Orí ìdúró ló ti kọ ohun tó kọ sínú fáìlì.

Tíṣà jáde wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní, "Ó ní mo yege." Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ọkọ ọ̀mọ̀wé sọ.

Mo ní, "Ṣé ebi ò pa ọ́?"

Ó ní ebi ń pa òun. Mo ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà lẹ́nu géètì. Ó jẹ ẹ́ tán, ó gbọn èèpo kúrò lára aṣọ ẹ̀, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.