Apá Géèjì tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Tẹ̀

Òórùn àdín àgbọn ló máa ń jí mi nínú ilé tí mo gbé ní Àgbádárìgì. Ìyá onílé mi ló ń sè é lẹ́yìn ilé lórí ààrò onígi, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ìsọ̀ wọn ní ọjà Agbálátà. Òórùn náà dùn, ó sì wúwo. A máa lẹ̀ mọ́ aṣọ débi pé bí mo bá ń bọ̀ ní kíláàsì láàárọ̀, àwọn ọmọ á ti mọ̀ pé tíṣà físíìsì ti dé kí wọ́n tó rí ojú mi. Títí di òní, òórùn yẹn kì í wọ imú mi kí ojú má tì mí. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, torí o ti mọ̀ mí tipẹ́, o sì mọ̀ pé n kì í ṣe onírọ́ èèyàn. Tàbí ká sọ pé n kì í sábà parọ́.

O rántí pé láti Èkìtì ni iṣẹ́ tíṣà ti gbé mi lọ síbẹ̀, sí ilé ẹ̀kọ́ kan létí ọ̀nà márosẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo ra alùpùpù kan. Kì í ṣe ọ̀kadà jákujàku o! Ọ̀gá báìkì ni, irú èyí tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò láti ìlú dé ìlú: ó ní gíláàsì níwájú, ó ní àpótí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìjókòó rẹ̀ fẹ̀ bí àga ìyàwó. Láti ìhà Kutọnu ni wọ́n ti gbé e wọlé, ó sì dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé aṣọ ìnujú mi ni mo fi ń nù ún. Àbùkù kan ló ní: géèjì epo rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Epo kún ni o, epo tán ni o, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á sùn sí ìsàlẹ̀ gbalaja. Rísáàfù rẹ̀, ìyẹn epo ìpamọ́ tó máa ń yọni lójú ọ̀nà, sì ti dí pa kí n tó rà á. Orí ni mo fi ń ṣírò iye epo tó kù, ìṣirò náà a sì máa já mi kulẹ̀.

Mẹkáníìkì kan wà lábẹ́ igi àgbọn nítòsí wa, ọmọ Ègùn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù lọ. Gbogbo ọlọ́kadà láti àdúgbò wa títí dé Ìwòrò ló ń gbé iṣẹ́ wá fún un. Ó tú táǹkì mi, ó yọ fúlótà, ìyẹn ike kékeré tó máa ń léfòó lórí epo, tí wáyà tín-ín-rín kan gbé dúró bí apá. Ó fọ̀ ọ́, ó so wáyà iná tó já. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó da gbogbo epo inú táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó fi àkísà wé apá fúlótà náà, ó fi ẹ̀mú dì í mú lórí àkísà, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí abẹ́rẹ́ géèjì fi sùn síbi òfìfo gan-an. Ó da ìgò epo kan padà, ó ní kí n wò ó. Ó da ìkejì, ó ní kí n wò ó. Nígbà tí táǹkì kún dé ọrùn, abẹ́rẹ́ ò dé òkè; ó fi díẹ̀ kọjá ààbọ̀, ó sì dúró.

“Kò kún,” ni mo wí.

“Tíṣà, ó kún. Géèjì yín ti gbó, kò lè sọ òótọ́ lókè kó tún sọ ọ́ nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni mo mú fún yín. Bó bá parọ́ lókè, kò sí nǹkan tó máa ṣe yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.”

Bí òun àti ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn: ìgbà tí epo tán ni wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n, nítorí ọlọ́kadà tí epo bá tán mọ́ lọ́wọ́ láàárín oko àgbọn, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn délé. Ó yé mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé èmi lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi tíṣà físíìsì! Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí abẹ́rẹ́ náà níwájú ọ́fíìsì wa, ní ọjọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo, ó ní, “Báìkì ńlá báyìí, kì í yó ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo ra epo kún táǹkì, mo tú u fúnra mi, mo fi ẹ̀mú eléyín mi tẹ apá náà láìfi nǹkan kan wé e, títí abẹ́rẹ́ fi gbéra dé òkè téńté. Inú mi dùn bí ọmọ tó gba ipò kìíní. Pé bí òkè bá gbéra, ìsàlẹ̀ náà á gbéra, tí géèjì á fi máa ní epo wà nígbà tó bá ti tán, èyí tí mo lè fi ṣọ́ọ̀kì yà fún ọmọ kíláàsì kejì, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Ìyá onílé mi ní ọmọbìnrin kan, àbígbẹ̀yìn wọn, ọmọ ọdún méjìdínlógún tí mo ti kọ́ ní físíìsì rí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì. Ọdún tó ṣáájú, àìsàn ò jẹ́ kó ṣe é. Ọdún yìí ló kù tí wọ́n gbójú lé. Ìhà Òjò ni wọ́n fi í sí, aago mẹ́jọ àárọ̀. Màmá ti bá oníbọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀, èmi ni mo lọ dá sí i. Mo ní bọ́ọ̀sì á máa dúró kiri, kí wọ́n jẹ́ kí n fi báìkì gbé e lọ.

“Tíṣà, epo ńkọ́?” ni wọ́n bi mí.

Mo yí kọ́kọ́rọ́ báìkì, mo nawọ́ sí géèjì. Abẹ́rẹ́ wà ní ààbọ̀. Mo ní, “Ó tó wa lọ, ó tó wa bọ̀.” Màmá gbàdúrà fún mi lédè Ègùn, wọ́n sì ní kí oníbọ́ọ̀sì máa lọ ní tirẹ̀.

A ti kọjá Mọ́wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tó sì kú. Mo wo géèjì, ó ní epo ṣì kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Torí náà, kò lè jẹ́ epo. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo tú púlọ́ọ̀gì, mo nù ún, mo dá a padà. Mo yẹ fíúsì wò. Mo tún tú púlọ́ọ̀gì. Ọmọ náà dúró tì mí, ó di ìwé ìwọlé ìdánwò rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń na ọwọ́ sí gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń kọjá. Wọ́n ti kún, kò sí èyí tó dúró. Ìdajì wákàtí lọ báyẹn. Nígbà tó yá, ó fi ìka kan táǹkì.

“Sà, ó ń dún bí agbè òfìfo.”

Mo bínú sí i. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo bínú! Mo ní, “Ṣé ìwọ lo mọ̀ ọ́n ni, àbí géèjì?” Ó ní kí n má bínú. Ó tó bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí i kí n tó ṣí ìdérí táǹkì, mo yọjú wò ó. Ó gbẹ táútáú. Mo sáré wá epo lọ bí aṣiwèrè, mo rà á sínú ike, mo sáré padà, a sì fò lọ sí Òjò. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti ti géètì. Mo bẹ ẹ̀ṣọ́ títí, ó ń mirí. Ọmọ náà ò sunkún. Ó ní, “Sà, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ọdún mìíràn ń bọ̀.” Ọmọ tí mo fi ọdún rẹ̀ ṣòfò ló ń tù mí nínú.

Màmá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a délé. Wọ́n wo ojú ọmọ wọn, wọ́n mọ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, “Tíṣà, kí ló ṣẹlẹ̀?” Wò ó, ọ̀rẹ́ mi, kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Mo lè sọ pé èmi ni mo bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Géèjì ni, Màmá. Mẹkáníìkì yẹn ò ṣe é dáadáa.” Ẹyin lohùn, èmi ni mo là á mọ́lẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Ó dé, ó kí gbogbo wa, wọ́n ní kó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó tú táǹkì, ó yọ apá fúlótà náà síta, ó yí i sí ojú oòrùn. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí ojú eyín ẹ̀mú mi lára wáyà náà, ó ń dán. Òun náà rí i. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó sì pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Mo wo ilẹ̀. Ó dá a padà síbi tó wà, ó yíjú sí ìyá àti ọmọ, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Àbúrò, má bínú.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbínú Màmá kò rọlẹ̀. Wọ́n ní bó ṣe dá ọmọ wọn dúró yìí, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ á dúró. Mo gbọ́ èpè náà, mo sì gbé ẹnu mi dákẹ́.

Ìsọ̀ àdín ní Agbálátà kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ ń pamọ́ sí. Àwọn tó ń ra àdín, ìyàwó ọlọ́kadà ni púpọ̀ nínú wọn. Kí oṣù tó parí, àwọn ọlọ́kadà ti ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà kọjá lọ sí ibòmíràn. Àárọ̀ gbogbo ni mo ń kọjá níbẹ̀ lórí báìkì mi. Á ti gbá iyanrìn iwájú ṣọ́ọ̀bù, á ti to irinṣẹ́ rẹ̀ sórí pákó, á jókòó, kò sí báìkì kan níwájú rẹ̀. Á sì kí mi: “Ẹ káàárọ̀, Tíṣà.” Ìkíni yẹn ló dà mí láàmú. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá sùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní kó bá mi tún géèjì náà ṣe. Ó fi àkísà wé apá náà, ó tẹ̀ ẹ́ padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

“Àbúrò, o rí i lọ́jọ́ yẹn.”

“Mo rí i, Tíṣà.”

“Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?”

Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ̀yin ni tíṣà ọmọ náà. Ṣé kí n pè yín ní onírọ́ níwájú rẹ̀ ni? Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín. Ẹnu yín ni mò ń wò.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. Ó ní, “Ibi tí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.”

Mo gba Agbálátà lọ tààrà, kí ìgboyà mi má baà tutù. Màmá ń wọn àdín fún oníbàárà, àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn jókòó tì wọ́n. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, látorí ẹ̀mú títí dórí irọ́. Màmá gbé kọ́ọ̀pù ọwọ́ wọn sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé ilé wọn, “ẹ” ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nítorí iṣẹ́ mi. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ pè mí ní “ìwọ”. Wọ́n ní, “Ìwọ! O dúró síbẹ̀ tí mo ń ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ?” Wọ́n da aṣọ bo ọjà wọn ní ọ̀sán gangan, wọ́n ní, “Gbé mi lọ.” Ìyá tí kò gun alùpùpù rí láyé wọn gun ẹ̀yìn mi.

Kí n tó pa ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ lórí iyanrìn tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, wọ́n di ẹsẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ mú. “Ọmọ mi, n kò mọ̀ ni. Mo ká èpè mi kúrò lórí rẹ.” Ọkùnrin náà ń pariwo, “Áà, Màmá, ẹ má ṣe é, ẹ dìde!” Òun náà kúnlẹ̀ síwájú wọn, ó ń fà wọ́n lápá.

Èmi ńkọ́? Mo ṣì wà lórí báìkì. Iyanrìn ibẹ̀ rọ̀, ẹsẹ̀ tí báìkì fi ń dúró ń rì, mo sì ń wá pákó tí màá fi tì í, kó má lọ ṣubú kí gíláàsì iwájú rẹ̀ fọ́. Nígbà tí mo fi rí pákó, tí mo tì í, tí mo yíjú padà láti dọ̀bálẹ̀, àwọn méjèèjì ti dìde, wọ́n ń gbọn iyanrìn kúrò lára. Mo dọ̀bálẹ̀ náà ṣá. Ó ní, “Ó ti tán, Tíṣà. Ẹ dìde.”

Lóòótọ́ ló tán. Àwọn ọlọ́kadà padà sọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn. Ọmọ náà ṣe ìdánwò ní ọdún kejì, ó sì wọlé. Màmá ò lé mi nílé. Bí mo bá dá jókòó, kì í ṣe irọ́ yẹn gan-an ló ń yọ mí lẹ́nu mọ́. Ìbẹ̀rù lè fi irọ́ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó ń jẹ́ kí n fọwọ́ bojú ni pé ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ẹni tí kò jẹ̀bi ti wà lórí eékún, èmi tí mo jẹ̀bi ń wá ibi tí báìkì mi máa dúró sí.