Omi Gbígbóná Inú Dúrọ́ọ̀mù Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti gun búlọ́ọ̀kù kí n tó lè yọjú wo inú dúrọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ ìlọta ni ìyá mi fi ń tọ́ wa ní Bàrígà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé bùlẹ́ńdà nìkan lẹ mọ̀, ẹ fara balẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ńlá kan tó ń lo dísù ni, ó dúdú, ó sì wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀ àgbàlagbà. Irin la fi ń yí i kó tó jí, bó bá sì ti jí, àtẹni tó ń sùn ní Fọlá Àgòrò á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Dúrọ́ọ̀mù omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, páìpù méjì ló so wọ́n pọ̀. Ti ìsàlẹ̀ ń gbé omi tútù wọnú ẹ́ńjìnnì, ti òkè ń dá omi gbígbóná padà sínú dúrọ́ọ̀mù. Omi á máa yí po bẹ́ẹ̀, ara ẹ́ńjìnnì á sì máa tù ú. Ẹnikẹ́ni kò fi ìwé kọ́ mi, ojú ni mo fi rí i.

Lọ́dún kan, àìsàn dé bá ẹ́ńjìnnì wa. Bó bá di ọjọ́ Ajé, ara rẹ̀ á le koko. Bó bá fi máa di Ọjọ́rú, kí oòrùn tó gun òrùlé, á ti máa rùn bí ìkòkò tó jóná, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á sì kú pẹ̀lú ata ẹni ẹlẹ́ni lẹ́nu. Ìyá mi ní ẹ́ńjìnnì òun mọ ọjọ́ ju àwọn ọmọ òun lọ. Àwọn oníbàárà á gbé abọ́ wọn, wọ́n á sọdá sọ́dọ̀ obìnrin tó ní ẹ̀rọ tiẹ̀ ní òdìkejì títì. Obìnrin yẹn kò bú wa rí o. Kíkí ló máa ń kí ìyá mi: “Ẹ kú ìnira o, ìyá wa.” Irú ìkíni bẹ́ẹ̀, èébú sàn jù ú lọ.

Ìyá mi ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì kan ní Onípáànù. Bàbá yẹn dé, ó gbé etí lé ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó, ó fi ìka kan ọ́ílì, ó sì tọ́ ọ wò bí ọbẹ̀. Ó wo inú dúrọ́ọ̀mù, ó rí omi níbẹ̀, ó ní omi kọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Ó tú orí ẹ́ńjìnnì, ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, a pọn omi tuntun kún dúrọ́ọ̀mù, ẹ́ńjìnnì sì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní písítìnì ni. A tún ṣe ìyẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ tú nǹkan kan mọ́, ó kàn káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀.

“Ìyá, ẹ́ńjìnnì yìí ti gbó. Ó fẹ́ẹ́ nọ́ọ̀kì. Kó tó kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e kúrò ńlẹ̀.”

“Níbo lẹ máa gbé òkú lọ?”

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Mo kàn fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni.”

“Àánú yín pọ̀ o.”

Ẹnu ìyá mi ń ṣeré, ojú rẹ̀ kò ṣeré. Bàbá mi ti kú, ẹ́ńjìnnì yẹn ló ń bọ́ wa, òun ló ń wọṣọ fún wa. Ṣùgbọ́n ó gbà. Bàbá ní òun máa gbé ọmọlańkẹ́ wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá mi ti ń wádìí ibi tí wọ́n ti ń ta àgbàdo tútù, pé òun á máa sun ún lójú títì.

Ó kù díẹ̀ tí mi ò tíì sọ. Ní bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àìsàn yẹn tó bẹ̀rẹ̀, aládùúgbò wa kan nínú ọgbà bí ìbejì. Kẹrosíìnì wọ́n gógó nígbà náà. Ìyá mi pe ìyá àgbà tó wá láti ìhà Ọ̀yọ́ láti wẹ àwọn ọmọ náà, ó ní, “Ẹ máa bu omi inú dúrọ́ọ̀mù wa. Ó ń gbóná lásán ni.” Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí bù ú. Ẹni tí orúnkún ń dùn náà bẹ̀rẹ̀ sí bù ú. Ẹni tí kò lè fi omi tútù wẹ̀ láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀. Abọ́ kan péré ni oníkálukú ń bù, nítorí ọmọlúàbí ni gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni kò sì dá omi tútù padà, nítorí ọmọlúàbí náà ni: wọ́n ní táwọn bá da omi tútù sí i, àwọn á ba èyí tó kù jẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi sì máa ń pọn omi kún un. Ó ti ń tó wa lò láti ọjọ́ dé ọjọ́, kí ló tún fẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò sí?

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ìyá mi ní kí òun fi ẹ́ńjìnnì náà lọ ìwọ̀nba ata tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó wá gbé e. Ó ti ń rùn nígbà tí ìyá àgbà gbé abọ́ rẹ̀ dé. Ó tẹ̀ wọnú dúrọ́ọ̀mù títí, ó sì fi ìbínú dìde.

“Ìyá oníẹ̀rọ, ẹ bá wa wá igbá ọlọ́wọ́ gígùn o. Ọwọ́ mi ò débẹ̀ mọ́. Bí mo bá forí sọlẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù yín, kí lẹ máa wí fún àwọn èèyàn mi?”

“Ẹ má bínú, ìyá.”

“Omi ọ̀hún gan-an, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ìbejì ò sì fẹ́ràn ìyà.”

Ìyá mi wo ẹ́ńjìnnì tó ń ru èéfín. Ó wo omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Ẹ́ńjìnnì ń jóná, omi rẹ̀ ò gbóná kẹ̀?”

Ó yọjú wo inú dúrọ́ọ̀mù. Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó tó ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹnu páìpù òkè dá dúró sínú afẹ́fẹ́, ó gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀. Bí omi kò bá ti bo ẹnu páìpù yẹn, kò lè yí po mọ́. Omi tútù ń sùn nínú dúrọ́ọ̀mù, èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ń hó.

Ó pa ẹ́ńjìnnì náà lójú ẹsẹ̀. A fẹ́ da omi sí i, ó lé wa sẹ́yìn. Irin tó gbóná bẹ́ẹ̀, bí omi tútù bá lù ú, sísán ló máa sán. Ó ní kí a dúró kó rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò tíì rí ìdúró tó gùn bẹ́ẹ̀ rí. À ń wo ẹ́ńjìnnì, à ń wo ojú títì, bóyá ọmọlańkẹ́ á yọ. Nígbà tó rọ̀ tán, gbogbo ọgbà bá wa fa omi kànga, ìyá àgbà náà sì ń pàṣẹ bíi pé òun ló ni kànga. Omi bo ẹnu páìpù. Ìyá mi yí irin, ẹ́ńjìnnì jí. Ó fọwọ́ kan páìpù ìsàlẹ̀, ó tutù. Ó fọwọ́ kan ti òkè, ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí bàbá mẹkáníìkì àti ọkùnrin méjì ti ọmọlańkẹ́ dé, oòrùn ti gun òrùlé, a sì ti lọ gbogbo ata tó wà nílẹ̀ tán.

“Ẹ káàbọ̀, bàbá,” ni ìyá mi wí. “Òkú yín ló ń lọ ata yìí.”

Bàbá kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. “Ìyá, ṣé mi ò sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn máa tó ṣiṣẹ́?”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní kí ọmọlańkẹ́ wọn má baà padà lófìfo, kí wọ́n bá òun fi pọn omi wá. Wọ́n sì pọn ọ́n. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi fi ọ̀dà pupa sàmì ibi ẹnu páìpù sínú dúrọ́ọ̀mù, ó sì ṣòfin: bí o bá bu abọ́ kan, kí o da abọ́ kan padà.

Èmi náà ti dàgbà, mo ń ta ọ́ílì, bẹ́líìtì àti páìpù ẹ́ńjìnnì ní Ṣómólú, láàárín àwọn onítẹ̀wé. Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, jẹnẹrétọ̀ dísù rẹ̀ ń gbóná jù. Ó ti wo fídíò lórí fóònù, ó ti pààrọ̀ fáànù, ó ti pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀. Mo ní, “Ọmọ mi, omi ńkọ́?” Ó wò mí, ó ní, “Màmá, ó ń mu omi ni?”

Mo fún un ní kẹ́ẹ̀gì omi kan, mo ní kó jẹ́ kó tutù kó tó ṣí i. Láyé òde òní, yàrá mẹ́wàá, jẹnẹrétọ̀ mẹ́wàá, oníkálukú ti géètì mọ́ ooru tiẹ̀. Fóònù máa sọ ohun gbogbo fún yín. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá àgbà kan mọ́ tó máa wá bá yín jà láàárọ̀ pé omi yín ti lọ sílẹ̀.