Obìnrin Tó Ń Tú Orúkọ Lẹ́yìn Jẹ́sì

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Bernadine Pruchnik, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bernie, ti ń rán orúkọ mọ́ ẹ̀yìn jẹ́sì àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Òòlù, tó ń gba bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìlú Erie, iṣẹ́ náà kò sì dẹ́rù bà á rí, àfi ọdún tí Kóòṣì Wendell Rusk dé. Yàrá rẹ̀ wà lábẹ́ pápá ìṣeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Kò ní fèrèsé. Máṣíìnì ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀, àti tábìlì gbọọrọ kan, àti àpótí tí wọ́n kó lẹ́tà funfun tí wọ́n ti gé sílẹ̀ sí. Bí ẹgbẹ́ bá gba ẹni tuntun, òun ló ń rán orúkọ mọ́ ọn lẹ́yìn. Bí wọ́n bá lé ẹnìkan, òun náà ló ń fi abẹ tú u, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, kí jẹ́sì náà lè wúlò fún ẹlòmíràn.

Láyé àwọn kóòṣì àtijọ́, ẹni tí wọ́n fẹ́ lé á ti gbọ́, á ti kó bàtà rẹ̀, á tilẹ̀ ti wá dágbére fún Bernie kí wọ́n tó ní kí Bernie tú orúkọ rẹ̀. Rusk kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ti ń fìdí rẹmi láti ọdún mẹ́fà, àwọn tó ni ín sì sọ fún un pé kó gbálẹ̀ dé kọ̀rọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè rárá. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń mú kí àwọn ọkùnrin tó sanra bí igi ìrókò máa fara mọ́ ògiri tó bá ń kọjá lọ. Ọ̀sẹ̀ tó dé ló ní kí wọ́n já gbogbo àwòrán àwọn akọni àtijọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ìwé kékeré kan á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé tọ Bernie wá: nọ́ńbà kan, orúkọ kan, àti ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, "Tú u." Ẹni tó ni orúkọ kò ní mọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Nínú oṣù Kẹjọ, ọ̀kan nínú àwọn tó ń se oúnjẹ gbọ́ fìrìfìrì pé wọ́n fẹ́ lé agbábọ́ọ̀lù kan, ó sì ta á lólobó. Kò tó wákàtí kan tí alásè náà fi di èrò ìta.

Bernie kò lè di èrò ìta. Kíndìnrín ọkọ rẹ̀, Len, ti kọṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ Bernie ló sì fún wọn ní ìwé adójútòfò tó ń sanwó ìtọ́jú náà. Nítorí náà, ó ń tú orúkọ, ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ ti pàdánù márùn-ún nínú ìdíje mẹ́fà, ìwé wọlé. Bernie bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó kà á. 64. ARCENEAUX. Tú u.

Ó jókòó. Desmond Arceneaux, ọmọ Louisiana, ti lo ọdún mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ́ náà. Òun ló ń tẹ̀ ba sáàárín ìlà iwájú, tó ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ eré. Nígbà òtútù tí Len kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló wá fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Ó mú abẹ. Láti ìparí orúkọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti tú lẹ́tà méjì nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Desmond fúnra rẹ̀ wọlé. Wéré ni Bernie da jẹ́sì náà dojú bolẹ̀.

"Ìyá Bernie, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán ṣòkòtò yìí, ó ti ya lórúnkún."

"Gbé e síbẹ̀ yẹn."

"Ẹ ò tiẹ̀ wojú mi. Àbí ìwà Rusk ti ràn yín?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fara ti ilẹ̀kùn. "Ẹ bá mi yọ̀ jàre. Monique ìyàwó mi àtàwọn ọmọ ń bọ̀ láti Louisiana wá máa gbé ọ̀dọ̀ mi pátápátá. Mo ní ká dúró di ìparí ìdíje, ó ní ọdún mẹ́sàn-án tá a ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó. Ọkọ̀ akẹ́rù á dé ilé wọn láàárọ̀ ọ̀la. Ọ̀sán òní ló máa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ níléèwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ."

"Òní?"

"Òní ni. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ń bà mí, bí nǹkan ṣe rí níbí yìí. Àmọ́ kóòṣì fúnra rẹ̀ kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní mo ṣe dáadáa."

 Bernie rí Len lójú inú rẹ̀, lórí àga iléèwòsàn, pẹ̀lú rọ́bà méjì lápá.  Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kó dákẹ́, kò ju kó dákẹ́ lọ, ọmọkùnrin náà ti ń yí padà lọ.

"Desmond."

"Màmá?"

"Pe ìyàwó ẹ. Ní kó má tíì fiṣẹ́ sílẹ̀."

Ọkùnrin náà dúró. Ojú rẹ̀ lọ sórí tábìlì, níbi tí jẹ́sì dojú bolẹ̀ sí, tí lẹ́tà funfun méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, U àti X. Nínú gbogbo agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Òòlù, kò sí ẹlòmíràn tí X wà nínú orúkọ rẹ̀.

Desmond gbójú sókè. "Ẹ ò bá mi sọ nǹkan kan, Ìyá. Mi ò wọ ibí yìí lónìí." Ó mú ṣòkòtò rẹ̀ tó ya, ó sì jáde.

Ní aago mẹ́ta, wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ péjọ. Desmond ti pe Monique, lẹ́yìn náà ló lọ bá Rusk lójúkojú, ó ní kó sọ òótọ́ fún òun. Rusk wá dúró níwájú àwọn èèyàn bí ọgbọ̀n, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹnìkan nínú yín ló sọ ọ́," ó wí, jẹ́jẹ́ bí i ti tẹ́lẹ̀.  Ó yíjú sí Marv Kosko, ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú ohun èlò. "Marv, ọwọ́ yín ni ìwé ti ń kọjá. Ẹ lọ kó ẹrù yín."

Marv ló gba Bernie síṣẹ́. Ó mọ̀ pé òun kọ́ ló sọ ọ́, ó sì mọ ẹni tó sọ ọ́, nítorí ọwọ́ ẹni méjì péré ni ìwé náà dé. Kò wo ọ̀dọ̀ Bernie rárá. Ó kàn ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò rẹ̀ láti dá a padà.

Bernie dìde. "Ẹ fi Marv sílẹ̀. Èmi ni."

Nínú ọ́fíìsì, Rusk kò ní kó jókòó. "Kí ló dé?"

Bernie ti ronú àwíjàre lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá mi ṣiṣẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ojú irin. Ọjọ́ tí wọ́n lé e, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Géètì ló kọ̀ tí kò ṣí. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Mi ò fẹ́ kí obìnrin yẹn fiṣẹ́ sílẹ̀ lásán."

Rusk ṣí ilẹ̀kùn fún un. "Ẹ máa lọ sílé. Màá ránṣẹ́ sí yín."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bernie kò fi lè jẹun. Bí fóònù bá dún, á sáré gbé e. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Len, ó sì ń retí ìbínú.

"Bí wọ́n bá lé ẹ," Len wí, "a ó ta ọkọ̀ ojú omi wa."

"A ò ní ọkọ̀ ojú omi, Len."

"Ṣó o rí i, ìyẹn ti kúrò nínú ohun tá a máa pàdánù."

Bernie rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Marv pè. "Bernie, kóòṣì ní kó o wá. Kò sọ ohun tó fẹ́. Mi ò tún gbọdọ̀ béèrè."

Nígbà tó dé yàrá rẹ̀, Rusk ló bá níbẹ̀, tó dúró ti tábìlì pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́. Bernie di ẹnu ọ̀nà mú. Ó ti dá a lójú pé orúkọ òun ló wà níbẹ̀.

"Orúkọ ẹnìkan ló wà nínú ìwé yìí," Rusk wí. "Mo ti bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ." Ó gbé ìwé náà kalẹ̀. "Ẹ lè tú u báyìí. Àmọ́ bí ẹ bá tún sọ fún ẹnikẹ́ni kí n tó sọ fún un, ẹ máa lọ. Ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ìyẹn nìkan ni. Rusk kò tọrọ àforíjì, kò sì tún dárúkọ Arceneaux mọ́. Títí ìdíje ọdún náà fi parí, òun fúnra rẹ̀ ló ń mú ìwé wá lẹ́yìn tó bá ti bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ tán. Ẹgbẹ́ Òòlù borí nínú ìdíje méje, wọ́n pàdánù mẹ́wàá, àwọn tó ni ín sì fi Rusk sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Desmond kò rí ẹgbẹ́ mìíràn tó gbà á. Ó padà sí Louisiana, ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní bọ́ọ̀lù. Monique pe Bernie nígbà Kérésìmesì, ó ní òun ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ òun. 

Len ní kó fẹ̀yìn tì. Bernie ní ó di ìgbà tí Len bá rí kíndìnrín tuntun gbà. Ó ti mọ ìró bàtà Rusk báyìí. Bó bá ń yára, ọ̀dọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń lọ. Bó bá rọra ń bọ̀, ìwé ló mú dání. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí aago mọ́kànlá bá ti ń súnmọ́, Bernie á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, á sì máa tẹ́tí sílẹ̀.