Wọn Ò Gba Owó Béèlì, Ilé Ni Wọ́n Ń Bèèrè

Ọlọ́pàá ní àwọn lè fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kò síbi tó máa sùn.

Òun àti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ní Upney, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ló jà láàárọ̀. Wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án, wọn ò sì fẹ́ kó padà sílé yẹn. Bí kò bá rí àdírẹ́sì mìíràn, kò sí béèlì, àtìmọ́lé ló máa sùn.

Mo pe Màámi ní Ìjẹ̀bú.

"Èló ni wọ́n fẹ́ gbà?"

"Wọn ò gbowó, Màámi. Ilé ni wọ́n ń bèèrè."

"Ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ńkọ́?"

Mo ti pe àwọn náà; gbogbo wọn ní àwọn á gbàdúrà. Àǹtí Bísí, onílé mi, tiẹ̀ bu ìrẹsì pé kí n gbé e lọ fún un. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sùn sílẹ̀ ní yàrá mi.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ. Àmọ́ tí ọlọ́pàá bá wá ń kan ilẹ̀kùn mi ńkọ́?"

Mi ò lè bínú sí wọn. Bí ilé bá jẹ́ tèmi, mi ò mọ̀ bóyá màá gbà.

Ọlọ́pàá tún ti pè. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ó gbà á?