Omi Ìṣínu ní Nyohini

Èmi ni mò ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ní Nyohini. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, Kristẹni sì ni mí, síbẹ̀ èmi ni wọ́n yàn. Kò yà mí lẹ́nu. N kò kàwé débì kan, àmọ́ ẹ wá ẹni tó ṣe é fọkàn tán bíi tèmi, ẹ ò ní rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kọ́kọ́ pọnmi. Nírọ̀lẹ́ oṣù Ràmàdáánì, àwọn tó gbààwẹ̀ ló ń ṣíwájú, kí wọ́n lè rí omi ṣínu.

Ní Ràmàdáánì tó kọjá, alàgbà ìjọ wa kó kẹ́ẹ̀gì dé nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀. Ó ní kí n tètè bu omi fún òun.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tò sẹ́yìn àwọn ìyá tó gbààwẹ̀ yìí.”

“Èmi alàgbà? Ṣé o ti di lèmọ́mù wọn ni?”

“Rárá o, sà. Jésù tí mò ń sìn kò ní kí n fi omi du ẹni tó gbààwẹ̀.”

“Wọn ò ní jẹ́ kí o to èrò jókòó mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì!”

“Ta ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò mi?”

Àlàájà kan rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ dúró lẹ́yìn mi, mi ò ní pẹ́.”

Ó dúró, ó ń kùn. Wọ́n sì gba iṣẹ́ títo èrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Ẹ̀yìn ni mò ń jókòó sí báyìí, mo sì ń wo àwọn tó rọ́pò mi. Wọn ò mọ èrò ó tò.