Béèrè Àlàáfíà Ará Ilé Kí O Tó Ṣí I

Ní ọjọ́ tí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ó-Ti-Jinná gbé ọbẹ̀ gbígbẹ rẹ̀ lọ han ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ, ìyàwó rẹ̀ ló gbé fúláàsì omi gbígbóná. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń fún ìdérí fúláàsì le. Aránṣọ ni obìnrin náà, ẹ̀rù kì í sì í tán lára rẹ̀. Bí òjò bá ṣú, ó ń bẹ̀rù omíyalé. Bí kò bá ṣú, ó ń bẹ̀rù ọ̀dá. Lọ́jọ́ náà, ohun kan péré ló ń bẹ̀rù: kí ọbẹ̀ má lọ pa ọ̀gá.

Ọkọ rẹ̀ da ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tó ti gbẹ, tó ti di wẹ́wẹ́, sínú abọ́. Ó da omi lé e, ó fi àwo dé e. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Kí ọ̀gá."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni aránṣọ wí. "Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́, sà?"

"Ó ti kó jáde."

"Yé! Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n bá a lọ."

Aránṣọ kò mọ ìbéèrè tó kàn. Ọkọ rẹ̀ retí, ó retí, ó rí i pé ìkíni ti parí, ó sì ṣí abọ́. "Ó ti jinná," ó wí. Ọ̀gá bu ṣíbí kan sẹ́nu. Gbogbo ọ́fíìsì gbọ́ ọ, bí ẹni ń fi bàtà rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ọ̀gá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

"Kí lẹ pe nǹkan yìí?"

"Ọbẹ̀ ni, sà."

"Èyí ló jinná?"

Ọkùnrin náà wo inú abọ́, ó wo ojú ọ̀gá, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn: "Ọbẹ̀ kò lẹ́bi, sà. Ilé yín ni kò tíì jinná."

Aránṣọ ti ń wá ọ̀nà ilẹ̀kùn nígbà tí ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú, kò sì dájú pé ẹ̀rín nìkan ló ń nù. Ó lọ bẹ ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà padà dé, ọ̀gá ránṣẹ́ pe ọlọ́bẹ̀ àti aránṣọ. Lọ́jọ́ yẹn, ìkíni gùn, ọbẹ̀ jinná, ọ̀gá sì gbà á. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kan tó ti mì, ó ń mì títí ó fi re ibi àgbà ń rè.

Àwọn ènìyàn a máa béèrè ìdí tí Ó-Ti-Jinná kò fi lo aago. Aago kan ṣoṣo tó wà nílé wọn, òun fúnra rẹ̀ ló tú u. Ó fẹ́ fi ẹ̀rọ inú rẹ̀ yí abẹ̀bẹ̀ tí yóò máa gbẹ ẹ̀fọ́. Abẹ̀bẹ̀ náà yí lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń yí ní wákàtí kan.

Ló bá yíjú sí áyọ́ọ̀nù ìyàwó rẹ̀. Ó tẹ́ àlùbọ́sà sórí tábìlì ìránṣọ, ó ta aṣọ bò ó, ó sì ń lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ kọ́là. Aránṣọ kò mọ̀. Áyọ́ọ̀nù yẹn náà ló fi lọ aṣọ ìyàwó ọ̀ṣìngín kan, ìgbà tí aṣọ ti délé aláṣọ ni òórùn àlùbọ́sà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlu imú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò lè jẹun títí ìgbéyàwó fi kọjá. Nígbà tí ọkọ ìyàwó yọ lẹ́nu ọ̀nà, aránṣọ ti kúnlẹ̀ kí ọkùnrin náà tó wọlé.

"Màmá, ẹ dìde, mi ò bá ìjà wá. Ìbéèrè ni mo ní. Kí ló dé tí ebi fi máa ń pa mí bí mo bá ti sún mọ́ ìyàwó mi?"

Nígbà tí páálí ọbẹ̀ dé orí àtẹ, ọ̀rọ̀ tí Ó-Ti-Jinná ní kí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: *Da omi gbígbóná lé e, dé e, béèrè àlàáfíà ará ilé kí o tó ṣí i.* Aránṣọ bẹ̀ ẹ́ títí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú sí i. Ẹnìkan á jẹ ẹ́ ní tútù, á sì kú sí wa lọ́rùn." Ọkọ rẹ̀ ní, "Hẹ́n." Kò fi ìṣẹ́jú sí i.

Kò pẹ́ tí ẹni tí ìjọba ń rán yẹ oúnjẹ wò fi dé. Aránṣọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń jẹ òwú.

"Bàbá, ìṣẹ́jú mélòó?"

"Títí ẹ ó fi béèrè àlàáfíà ará ilé tán."

"Ará ilé mélòó?"

"Mélòó ni tiyín?"

"Àwa mẹ́sàn-án ni."

"Ẹ bu omi kún un nígbà náà."

Ọkùnrin náà ra páálí kan kí ó tó lọ. Òwú tí aránṣọ ti gbé mì tó rán gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀wù kan.

Ẹlòmíràn tó wá fẹjọ́ sùn ni aránbàtà tó ń gbé ní òdìkejì òpópó. Àpọ́n ni.

"Bàbá, ọbẹ̀ yín kì í jinná fún mi."

"O kì í kí ará ilé ni?"

"Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo kí ara mi, mo dá ara mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í pẹ́ tán."

"Máa gbé e bọ̀ níbí."

Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́, aránbàtà a da omi sí ọbẹ̀, a dé e, a sì gbé e sọdá títì bí ẹni gbé ẹyin. Ọkọ̀ a dúró fún un. Bí ó bá ti fẹsẹ̀ kan ilé, aránṣọ a pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gbogbo àníyàn rẹ̀: "O ti jẹ nǹkan láàárọ̀? Orúnkún yẹn ńkọ́? O tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dáadáa? O wo ọ̀tún wo òsì kí o tó sọdá? Kò sẹ́ni tó bá ọ jà? O wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀wù yẹn?" Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi ọkọ rẹ̀ bó bá ti ẹ̀yìnkùlé wọlé. Aránbàtà a máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀ a fi orí ti àga, a di ojú, a máa ní, "Hẹ́n," títí yóò fi ní, "Ó ti jinná." Ó dá aránṣọ lójú pé ògiri lòun ń bá sọ̀rọ̀.

Orí àga yẹn ni Ó-Ti-Jinná kú sí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wẹ́rẹ́. Nínú gbogbo ohun tí aránṣọ ti bẹ̀rù láyé, kò bẹ̀rù ìyẹn lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ̀ áyọ́ọ̀nù tó rò pé òun gbàgbé sórí iná ni ọkàn rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ ọ̀gá àtijọ́, obìnrin tó ti jókòó sí ipò bàbá rẹ̀, wá sílé pẹ̀lú páálí tuntun kan lọ́wọ́.

"Màmá, àwọn tó ń bá wa tà á ní àwọn ò gbà á mọ́ bí kò bá sí ìṣẹ́jú lára rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin la fẹ́ kọ, ká yọ ti Bàbá kúrò. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti ṣèlérí pé a ò ní yí i padà láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Àwọn atẹ̀wé ń dúró."

Ohun tí aránṣọ fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ló délé yìí. Bó bá ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọkọ òun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnìkan lè jẹ ẹ́ ní tútù. Bó bá ní kí wọ́n yọ ọ́, ọkọ rẹ̀ yóò kú lẹ́ẹ̀kejì, òun ni yóò sì fọwọ́ sí i.

"Mẹ́rin yẹn tó?" ó béèrè. "Ẹ ti wò ó dáadáa?"

"Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Ọmọ ọ̀gá da omi sí abọ́ ọbẹ̀ kan, ó dé e, ó tẹjú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ náà ni aránbàtà yọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì wá láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó gbé abọ́ rẹ̀ dání, ó ti dé e.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo ní kí n má yọ yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, tútù ni mò ń jẹ ẹ́."

"Tútù! O fẹ́ kú ni? O ti jẹ nǹkan láàárọ̀?" Aránṣọ ti dìde. Ó béèrè orúnkún, ó béèrè ilẹ̀kùn, ó béèrè títì, ó béèrè ìjà. Aránbàtà ń dáhùn. Nígbà tí ó dórí síńgílẹ́ẹ̀tì, aránbàtà gbé ẹ̀wù sókè kí ó rí i, ó sì ṣí abọ́.

"Ó ti jinná," ó wí.

Ọmọ ọ̀gá gbójú sókè kúrò lára aago. "Màmá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gẹ́lẹ́."

Aránṣọ rọra jókòó.

"Èmi ni aago rẹ̀?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́?" ni aránbàtà wí. "Bàbá máa ń dijú, á máa tẹ́tí. Bí ẹ bá ti dórí síńgílẹ́ẹ̀tì, á ní ó ti jinná."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Mo bi í. Ó ní bí ẹ bá mọ̀, ẹ ó máa ṣàníyàn pé ẹ ń yára jù."

Ọmọ ọ̀gá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, ó fi etí ìró bo ojú, ó sì pẹ́ kí ó tó ṣí i.

"Ẹ kọ ìṣẹ́jú yín sí ẹ̀gbẹ́," ó wí, "kí ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan tirẹ̀."

Ó ṣí abọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní kí wọ́n rọra, kí ahọ́n má jó. Lẹ́yìn náà ó wo ìhà ibi tí àga ọkọ rẹ̀ wà.

"Ó ti jinná," ó wí, kò sì sí ẹni tó béèrè ẹni tó ń sọ ọ́ fún.