Bí Mo Ṣe Kọ̀ Láti Jẹ Ọmọ-Ogun Wolé-Wolé

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lóròó. Láyé ìgbà náà ní Ìkòsí, bí òórùn kẹrosíìnì bá ti ń fẹ́ wá láti ibi omi adágún, a mọ̀ pé wolé-wolé ti dé. Òun ló ń dà á sójú omi kí ẹ̀fọn má baà yé síbẹ̀. Bí ó bá ti yẹ ìkòkò omi gbogbo ilé wò tán, yóò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sí ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, yóò tẹ́ pátákó ṣẹ́ẹ̀sì, ayò àwọn òyìnbó, sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, a ó sì ta á.

Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Funfun ló ń kọ́kọ́ ta, ta ni yóò sì ṣáájú àgbà? Nítorí náà, ọdún méjì gbáko ni mo fi ta dúdú. Bákan náà ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀: yóò ti ọmọ-ogun, ọmọ ayò tó kéré jù, tó wà níwájú ayaba síta, èmi náà yóò ti tèmi pàdé rẹ̀, òun yóò wá gbé ọmọ-ogun kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàkọ́kọ́, lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹni gbé àkàrà síwájú àlejò.

Ọmọ ilé aláyò ni mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ọ̀ta ayò Ìkòsí, ohun tí mo sì rí nídìí ọpọ́n wọn ni pé ohun tó bá ṣeé jẹ, à á jẹ ẹ́. Mo ń jẹ ẹ́. Mo tún ń fi ọmọ-ogun mìíràn ṣọ́ ohun tí mo jẹ. Kí n tó ṣẹ́jú, ayaba rẹ̀ ti yọ sójú ọ̀nà, ilé-ìṣọ́ mi tó wà ní igun ti di tirẹ̀.

“Tíṣà, ọ̀fun rẹ á pa ọ́,” ni yóò máa wí.

Kò dùn mí títí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó pé kí agbègbè kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá fún ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì. Àwa méjì péré la mọ̀ ọ́n ta, ayò kan ṣoṣo ni yóò sì yà wá. Mo fẹ́ lọ o! N kò tíì bá ẹlòmíràn ta rí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òpè ni mí lóòótọ́.

Mo ya pátákó sórí páálí, mo fi han ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n wo ayò òyìnbó náà pẹ́.

“Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀ta máa ń jẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé ka iwájú rẹ̀?”

Bí n kò bá ní jẹ, mo gbọ́dọ̀ ti ọmọ-ogun àárín mi lẹ́yìn. Mo kọ́kọ́ fi èyí tó wà níwájú ọba tì í: ó dúró gbọin, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn mọ́ bíṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ ayò tó máa ń rìn láti igun sí igun, bí ẹlẹ́wọ̀n. Mo gbé e padà. Mo wá fi èyí tó wà níwájú bíṣọ́ọ̀bù gan-an tì í, ìṣísẹ̀ kan péré. Àárín dúró, ọ̀nà bíṣọ́ọ̀bù sì là gbọ̀ọ̀rọ̀. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Lọ́sàn-án Sátidé, wolé-wolé gbé àkàrà rẹ̀ kalẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Mo ti ọmọ-ogun kékeré yẹn ní ìṣísẹ̀ kan.

“Tíṣà, o ò jẹun lónìí?”

“Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Mo ti yó.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wá wòran bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá wolé-wolé, ẹ palẹ̀ àwo yín mọ́ o!”

Bíṣọ́ọ̀bù mi jáde, ó jókòó sáàárín pápá bí onílẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, wolé-wolé ti dá ọba rẹ̀ dùbúlẹ̀ láti gbà pé mo ti borí. Ó bọ́ fìlà, ó na ọwọ́ sí mi. “Ìwọ lo ń lọ.”

Ní Èkó, wọ́n di ọmọ-ogun dúdú àti funfun mọ́ ọwọ́ méjì, wọ́n ní kí n mú ọ̀kan. Funfun! N kò ta funfun rí. Ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ lọ síwájú ayaba, ó ti ọmọ-ogun ibẹ̀ síta, ó sì gbé èkejì tì í. Ọkùnrin tó jókòó kọjú sí mi jẹ ẹ́, ó tún ń fi òmíràn ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ayaba mi yọ sí.

N kò gba ife, ṣùgbọ́n mo borí ju bí mo ṣe fìdí rẹmi lọ, òpè kọ́ ni mí. Mo wá rí i pé ẹni tó ń nà wá lójoojúmọ́ ń kọ́ wa ní iṣẹ́ tirẹ̀, láìgba ìwé, láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ròyìn fún wolé-wolé, ó yí pátákó po, ó fa dúdú sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní, “Ó yá, ṣáájú.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ta á títí ìjọba fi gbé e lọ sí agbègbè mìíràn. Èmi ni mo jogún funfun rẹ̀. Òun ló kó dúdú mi lọ.